Èwo Nínú Ìṣirò Méjèèjì Ni Kí N Gbà Gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì láti ti irin sókè. Láìpẹ́ yìí, mo ti kílò 60 nígbà 20 léraléra kí apá mi tó kọ̀. Mo fi ìlànà Epley àti ti Brzycki ṣírò irin tó wúwo jù lọ tí mo lè tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti àkọ́kọ́ fún mi ní 100, ìkejì fún mi ní 127. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ má gba ìkankan. Ẹ ṣírò dáadáa, àmọ́ iye ìgbà tí ẹ ti irin ti pọ̀ jù. Epley pín iye ìgbà sí ọ̀nà 30, ó fi 1 kún un, ó sì fi èyí sọ ìwọ̀n irin di púpọ̀. Brzycki ní tirẹ̀ sọ ìwọ̀n irin di ìlọ́po 36, ó wá fi ohun tó ṣẹ́ kù pín in lẹ́yìn tó ti yọ iye ìgbà kúrò nínú 37. Bí ẹ bá ti kílò 80 nígbà 5, Epley yóò pè é ní 93, Brzycki yóò pè é ní 90. Tó bá sì di ìgbà 10, ohùn wọn a ṣọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni kálukú wọn ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, débi pé ẹni tó bá ti irin nígbà 37 yóò bá òdo pàdé níbi tí Brzycki ti fẹ́ pín.

Ìdí rẹ̀ ni pé ìfaradà iṣan ni ìgbà 20 ń dán wò ju agbára lọ, ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba sì lè má ní ìfaradà kan náà.

Lọ́jọ́ tí ara yín bá ti sinmi, ẹ kọ́kọ́ fi irin fúyẹ́ mú iṣan gbóná, kí ẹ wá mú èyí tí ẹ kò ní lè tì ju ìgbà 3 sí 5 lọ. Ìgbà tí ẹ bá ta irin láyà kí ó lè ta sókè kò sí lára èyí tí à ń kà. Kí ẹnì kan dúró níbi orí yín o, nítorí irin tó bá já lé ni láyà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bí ìṣirò méjèèjì bá ṣì yàtọ̀ díẹ̀, èyí tó kéré ni kí ẹ fi ṣètò ìdánrayá yín.