Gàrí tí eku wọ̀ lásìkò ibà Lásà: ṣé ìnákúnàá ni kí á dà á nù?

ÌBÉÈRÈ: As-salaamu aleekum, Àáfà. Okun o, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀sìn. Ìlú Ìyàrà ní ìpínlẹ̀ Kogí ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Mo yan gàrí sínú ọpọ́n ńlá, mo fi àpò bò ó lórí mọ́jú. Nígbà tilẹ̀ mọ́, mo bá ìgbẹ́ eku níbẹ̀, àwọn ọmọ sì ti bù mu kí n tó rí i. Nítorí ibà Lásà tí wọ́n ń kéde lórí rédíò, mo ní mo fẹ́ dà á nù. Bàbá àwọn ọmọ mi ní ìnákúnàá ni, pé ọmọ ìyá èṣù ni onínàákúnàá. Ìyá ọkọ mi ní kí n ṣa ìgbẹ́ náà kúrò, kí n ṣe Bìsìmílà sí i, pé àwọn ti ń jẹ irú ẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́, ohun tí Ọlọ́hun bá kọ mọ́ni ló ń ṣeni. Aládùúgbò wa kan ní kí n fi ṣe sàráà fún àwọn almájìrí, òmíràn ní kí n gbé e lọ sọ́jà Kábà. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé ìrun tí a ti kí lẹ́yìn tí a jẹ ẹ́ sì dára?

ÌDÁHÙN: Wa aleekumu s-salaam wa rahmatullaahi wa barakaatuhu. Okun o, arábìnrin mi. Ẹ da gàrí náà nù. Kì í ṣe ìnákúnàá. Ẹ má fi ṣe sàráà, ẹ má sì tà á. N ó mú ẹ̀rí wá, torí ọkọ yín àti ìyá ọkọ yín yóò fẹ́ gbọ́ ẹ̀rí, ó sì tọ́ sí wọn.

Maemuunat, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ló sọ pé eku kan já sínú ọ̀rá wàrà, ó sì kú síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Ànábì, ó ní kí wọ́n mú un jù nù pẹ̀lú ohun tó yí i ká, kí wọ́n sì jẹ ọ̀rá wọn. Bukhari, onímọ̀ tó ṣàkójọ hádíísì (ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì), ló gbà á wá. Àwọn onímọ̀ Màlíkì, tí a ń tẹ̀lé nílẹ̀ wa, ní bó bá dì ni ìyẹn, pé bó bá ń ṣàn, gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n dà nù.

Mo mọ̀ pé ọkọ yín lè ní: ṣebí gàrí gbẹ, kí á bu ojú ibẹ̀ kúrò. Èrò náà kò burú, ṣùgbọ́n kò bá ti yín mu. Eku inú hádíísì kú sójú kan, wọ́n mọ ibi tó wà. Eku tó wọ ọpọ́n yín lè ti fi gbogbo òru rìn nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ nìkan lẹ rí, ẹ ò lè rí ìtọ̀ rẹ̀, torí gàrí ti fà á mu. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni ibà Lásà sì fi ń wọnú oúnjẹ. Ojú wo lẹ fẹ́ bù kúrò?

Hádíísì mìíràn ló bá ọ̀rọ̀ yín mu jù. Ànábì ní bí ẹnì kan bá jí lójú oorun, kó má ti ọwọ́ bọ inú omi títí yóò fi fọ̀ ọ́, torí kò mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ sùn sí. Kò sọ pé ó ti rí ìdọ̀tí lọ́wọ́ ara rẹ̀. Pé kò mọ̀ yẹn ti tó láti fọwọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọwọ́ tí a mọ ẹni tó ni ín, eku ńkọ́?

Ní ti ìnákúnàá, òótọ́ ni āyà (ẹsẹ Àlùkùránì) tí ọkọ yín ń tọ́ka sí, ó wà nínú Suuratul Israa. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé Ànábì ní bí òkèlè bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, kó gbọn ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀ kó jẹ ẹ́, kó má fi sílẹ̀ fún èṣù. Òkèlè tí iyanrìn ta sí ni yẹn. Oúnjẹ tó lè pani kì í ṣe ọrọ̀ mọ́, dídà á nù kì í sì í ṣe ìnáwó. Ọlọ́hun tó kọ ìnákúnàá náà ló sọ nínú Suuratul Baqarah pé kí á má fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun.

Kí n wá kọjú sí Màmá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ ní ẹ ti ń jẹ irú ẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́. Màmá, nínú ènìyàn mẹ́wàá tó bá kó ibà yìí, nǹkan bíi mẹ́jọ ni kò ní hàn lára wọn, tàbí kó jẹ́ ibà fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọn yóò rí. Ìdí nìyẹn tí ó fi dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ara àwọn tó kù ló ti ń di ẹ̀jẹ̀ dídà àti ikú. Ọdún 1969 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a mọ̀, ní ìlú Lassa ní Borno, nítorí náà àwọn tó ti kú ṣáájú ìgbà náà, ibà lásán ni wọ́n pe ohun tó pa wọ́n. Ondó àti Ẹdó, tó wà lára ibi tó ti ń jà jù, bá ìpínlẹ̀ wa pààlà, ó sì ti pa ènìyàn ní Kogí tiwa náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń le, nígbà tí wọ́n bá dáná sun igbó, tí eku ń sá wọlé, tí a sì ń sá láfún àti èlùbọ́ sórí àpáta àti etí títì.

Bìsìmílà tí ẹ dárúkọ, Màmá, kò sí ẹni tó lè kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí Ànábì ṣe fi í kọ́ wa: bo ohun èlò rẹ kí o sì dárúkọ Ọlọ́hun, ì báà jẹ́ igi lásán lo fi dábùú rẹ̀. Ọmọrí àti Bìsìmílà, papọ̀ ló sọ wọ́n. Nínú ẹ̀gbàwá Jaabir tí Imaamu Muslim, òun náà akójọ hádíísì, gbà wá, ó fi kún un pé òru kan wà nínú ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì ní í kọjá lára ohun èlò tí a kò bò láìbọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún Umar, àrólé Ànábì kejì, pé àrùn ti wọ ilẹ̀ Ṣáámù (agbègbè Síríà), tó sì fẹ́ padà, Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Umar ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń sá láti inú kádàrá Ọlọ́hun bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Kò sí ẹni tó lè ní Umar kò gba kádàrá gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi jù kù. Àwọn ìyá tí mò ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wáàsí mọ ohun tí rédíò sọ. Wọ́n mọ̀ pé kí wọ́n bo oúnjẹ, kí wọ́n fọwọ́, kí wọ́n má sá nǹkan sétí títì. Ìmọ̀ kọ́ ni wọn kò ní. Ike ńlá tó ní ọmọrí ni wọn kò rówó rà. Omi ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀ fún mímu, àlùwàlá àti ìfọwọ́. Ìyàwó ilé ló ń se oúnjẹ, ẹlòmíràn ló ń pàṣẹ owó, àgbà ló sì ń sọ ohun tí wọn yóò jẹ. Bí eku bá wá wọ gàrí, òun nìkan ni wọn yóò bá wí. Ọkọ yín ní láti gbọ́ èyí: Ànábì ní darandaran ni olúkúlùkù wa, a ó sì bi wá léèrè ohun tí a ń dà. Ọkùnrin tó bá ní agbára àtira ike onídèérí tí kò rà á, tó wá ń fi āyà ìnákúnàá dẹ́rù ba ìyàwó rẹ̀ lórí gàrí tí eku tọ̀ sí, òun gan-an ni yóò dáhùn níwájú Ọlọ́hun. Owó ike kan kò tó owó ìwòsàn ọmọ kan. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá àwọn ọmọ, ẹ rà á lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì dí ihò eku tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná. Ẹ lè dẹ tàkúté: eku wà lára àwọn ẹ̀dá tí Ànábì yọ̀ǹda pé kí á pa, kódà nínú ilẹ̀ Haram, ilẹ̀ ọ̀wọ̀ Mẹ́kà. Kí àwọn ọmọ má fọwọ́ kan òkú rẹ̀, kí wọ́n má sì sun ún jẹ.

Ní ti sàráà, Ọlọ́hun ní kí a má ṣa èyí tó burú nínú ohun ìní wa fi tọrẹ, èyí tí àwa fúnra wa kò ní gbà àfi bí a bá di ojú wa. Almájìrí ní ìyá bíi tàwọn ọmọ yín. Ọjà ńkọ́? Ànábì ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó bá omi nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ní ẹni tó bá tàn wá jẹ kì í ṣe ara wa. Omi òjò lásán ni ìyẹn.

Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́ kí ẹ tó kó gàrí náà. Ẹ sin ín tàbí kí ẹ sun ún, torí bí ẹ bá dà á sẹ́yìnkùlé, eku náà lẹ tún ń bọ́. Ẹ fi ọṣẹ àti Jik fọ ọpọ́n náà.

Ìrun yín dára, ẹ kò ní san án padà, ẹ kò sì jẹ̀bi ohun tí ẹ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa ṣọ́ àwọn ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ibà yìí lè fara pamọ́ tó ọjọ́ 21. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná, tí ọ̀fun ń dùn ún tàbí tó ń bì, ẹ má lo oògùn ibà lásán kí ẹ máa wò ó. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà látìbẹ̀rẹ̀ pé eku wọ oúnjẹ yín. Nọ́ńbà NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, ni 6232, ọ̀fẹ́ ni.