Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà: Ṣé Kí N Fi Windows Sílẹ̀?

Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sí mi, aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan ló ń yàtọ̀. Mo mú mẹ́rin nínú wọn lónìí.

"Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Abẹ́òkúta tí mo ti ń tẹ lẹ́tà, CV àti pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ iléèwé. Láptọ́ọ̀pù méjì ni mo ní, tòkunbọ̀ ni méjèèjì, RAM 4GB. Wọ́n ní wọn ò lè gba Windows 11. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n fi Linux, tí òun náà ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sí wọn, ó ní ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ta ló ń náwó sí i, kí ló sì fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?" Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà. Ẹni tí wọ́n bá ti fi ọ̀fẹ́ lù ní jìbìtì rí ló ń béèrè irú ìbéèrè yìí, mi ò dá yín lẹ́bi. Àmọ́ ẹ wo fóònù ọwọ́ yín. Tó bá jẹ́ Android ni, ẹ ti ń lo Linux láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á, torí orí Linux ni wọ́n kọ́ Android lé. Ọmọ yunifásítì kan ní Helsinki, ní Finland, Linus Torvalds lorúkọ rẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991. Kò fi ṣe àṣírí: ó gbé gbogbo ohun tó kọ síta kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. Lónìí, àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ló ń san owó oṣù fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, torí òun ni wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn dúró. Nínú ìkòkò tí wọ́n ń sè fún ara wọn ni àwa náà ti ń bù jẹ.

Kì í ṣe ọgbọ́n ló gbé èmi débẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí mo fi ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Dùgbẹ̀, Windows jíjí ni ẹni tó tà á fún mi fi sínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo tàn án, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, ó kọ ọ́ sí igun ìsàlẹ̀ pé òun kì í ṣe ojúlówó. Mo lọ wá oògùn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oògùn yẹn ló gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé, fáírọ́ọ̀sì náà sì ti wọ fláàṣì oníbàárà mẹ́ta kí n tó mọ̀. Ẹ̀yin náà á mọ̀ ọ́n: èyí tó máa ń sọ gbogbo fódà di ṣọ́ọ̀tìkọ́ọ̀tì, tí oníbàárà á máa lọgun pé "Ẹ ti pa iṣẹ́ mi!"

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ni, ọjọ́ kejì ló fẹ́ gbé pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún olùkọ́. Àbúrò mi kan wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, Linux Mint, ọ̀kan lára oríṣi Linux, ló wà lórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ó ki fláàṣì bọ̀ ọ́. Gbogbo fódà yọ síta kedere, àfi bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì yẹn kò pa fáìlì kankan. Ó kàn lẹ àmì mọ́ wọn pé kí wọ́n fara pamọ́ ni, Windows sì gbọ́ sí i lẹ́nu. Linux kì í ka àmì yẹn sí. Ọmọbìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo yí padà. Títí dòní, fláàṣì tó bá ti ní àrùn ṣọ́ọ̀tìkọ́ọ̀tì, orí Mint ni mo ti ń tú u, mo sì ń gbowó rẹ̀.

Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín, oṣù àkọ́kọ́ yẹn korò. LibreOffice ni à ń lò dípò Word, ó sì ń ṣí fáìlì Word. Mo ṣí pírójẹ́ẹ̀tì ojú ìwé 84 kan, mo tẹ̀ ẹ́ jáde láìwò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó di 91. Nọ́ńbà tó wà nínú àkóónú ò bá ti ojú ìwé mu mọ́, tábìlì kan sì pín sí méjì. Bébà mi ló ṣòfò, íǹkì mi ló ṣòfò, èmi náà ni mo tún bẹ̀bẹ̀. Calibri ni wọ́n fi kọ ọ́, Calibri ò sì sí lórí ẹ̀rọ mi, ló bá fi fọ́ǹtì mìíràn tó fẹ̀ jù ú lọ dípò. Fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Carlito, wọ́n dìídì ṣe é kí ìbú lẹ́tà rẹ̀ bá ti Calibri dọ́gba. Ẹ wá a nínú Software Manager, ibi tí Mint ti ń gba nǹkan tuntun sórí ẹ̀rọ, ẹ fi sí i kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé. Ti Times New Roman kò nílò wàhálà, Liberation Serif ló ń dúró fún un, ó sì ti wà níbẹ̀. Síbẹ̀, mo lẹ ìwé mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù: "Ẹ bá wa sọ ọ́ di PDF kí ẹ tó gbé e wá." PDF kì í yẹsẹ̀.

Torí náà, ẹ má yí méjèèjì padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ní kí ọmọ yín gbé Linux Mint Xfce, èyí tó fúyẹ́ jù nínú àwọn oríṣi Mint, sórí fláàṣì. Fáìlì rẹ̀ tó bíi 3GB, kó fi dátà òru gbà á. Ẹ lè tan kọ̀ǹpútà láti orí fláàṣì náà láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀ rárá: F12 ni ẹ ó máa tẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń tan Lenovo tàbí Dell, F9 ni ti HP. Ẹ fi tẹ lẹ́tà kan. Ẹ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn, ẹ tẹ lẹ́tà náà jáde. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín kò bá dá a lóhùn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti dúró, kí ẹ kọ̀wé sí mi, torí ṣọ́ọ̀bù yín tí kò bá lè tẹ̀wé jáde ti di pálọ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí ẹ bá wá fẹ́ fi sínú rẹ̀ gan-an, ẹ kó gbogbo iṣẹ́ yín síta ná, kí bátìrì kún, kí ẹ má gbójú lé iná ìjọba.

"Bọ̀dá, CorelDRAW ni mo fi ń jẹun. Ìwé ìpè ìnáwó, báńà, àkọlé bọ́ọ̀sì. Ọ̀rẹ́ mi ní tí mo bá lọ sí Linux, Inkscape ti tó mi. Ṣé òótọ́ ni?" Ayàwòrán, Òṣogbo.

Rárá. Ọ̀rẹ́ yín kọ́ ni oníbàárà máa bínú sí. Inkscape dára, òun ni mo fi ṣe àkọlé ṣọ́ọ̀bù mi, àmọ́ kò lè fi fáìlì pamọ́ ní CDR, irú fáìlì tí CorelDRAW ń lò, àwọn CDR tí ẹ sì ti kó jọ láti ọdún wọ̀nyí wá, ó lè ṣí òmíràn ní wúruwùru. Ilé ìtẹ̀wé tí ẹ ń gbé iṣẹ́ lọ, CDR ni wọ́n máa béèrè. Microsoft gbà kí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ṣì máa gba àtúnṣe ààbò Windows 10 títí di oṣù kẹwàá 2026. Ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ fi àkókò yẹn tu owó jọ.

Bó bá wù yín láti fi méjèèjì sórí ẹ̀rọ kan, ó ṣeé ṣe. Ẹ pa Fast Startup, ètò tí Windows fi ń yára tàn, ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Linux á jẹ́ kí ẹ ka ohun tó wà níbi tí Windows wà, kò ní jẹ́ kí ẹ kọ nǹkan kan sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí aago já yín láyà: bí ẹ bá ti orí Linux bọ́ sórí Windows, aago á fi wákàtí kan fà sẹ́yìn. Aago GMT ni Linux ń tọ́jú sínú ẹ̀rọ, á wá fi wákàtí kan tiwa kún un fúnra rẹ̀. Windows ní tirẹ̀ gbà pé aago Nàìjíríà ló wà níbẹ̀. Ẹ tẹ timedatectl set-local-rtc 1 sínú tẹ́míná Linux, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ìjà parí. Mo ti tìtorí ẹ̀ pẹ́ dé ibi ìsọmọlórúkọ kan rí, wọ́n ti ń palẹ̀ àwo mọ́.

"Ọmọ mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọmọ ọmọ mi ti fi Linux Mint sí kọ̀ǹpútà mi, ó sì ń sáré dáadáa. Àmọ́ ìtàn ìdílé wa ni mò ń kọ lédè Yorùbá, mi ò rí àmì ohùn. Inú ìwé àtijọ́ kan ni mo ti ń ṣa ẹ àti ọ lọ́kọ̀ọ̀kan." Bàbá Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ sinmi ẹ̀ṣà. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò kíbọ́ọ̀dù, ẹ lọ sí Layouts, ẹ wá Yoruba nínú àkójọ náà, ẹ fi kún un. Ẹ má yọ ti Gẹ̀ẹ́sì kúrò, ẹ ó máa bọ́ látorí ọ̀kan sí èkejì. Àwọn tó ń ṣe Linux ti fi tiwa síbẹ̀ tipẹ́, pẹ̀lú ti Haúsá àti ti Ígbò, ohun tó mú inú mi dùn jù nìyẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ẹ́ àti ọ̀. Lẹ́tà bí á ní ààyè tirẹ̀ nínú àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, ẹ́ kò ní: ẹ ni, tí àmì ohùn wá gùn ún lórí. Bí ẹ bá fẹ́ pa á rẹ́, àmì á kọ́kọ́ lọ, ẹ á ṣì wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò ya wèrè o. Nínú LibreOffice, ẹ tẹ ẹ, ẹ tẹ U+0301, nọ́ńbà àmì ohùn òkè, tẹ̀ lé e láìfi àlàfo sí i, kí ẹ wá tẹ Alt àti X pọ̀: ó di ẹ́. U+0300 ni ti ohùn ìsàlẹ̀. Bí àmì bá ń ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà dípò kó gùn ún, fọ́ǹtì ló fà á, ẹ lo Noto Serif tàbí Charis SIL.

Ohun tó máa sinmi ọwọ́ yín jù ni AutoCorrect, lábẹ́ Tools. Ẹ sọ fún un pé bí ẹ bá ti tẹ omo, kó sọ ọ́ di ọmọ. Orúkọ ìdílé yín náà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmọ́ ẹ má dán oko wò. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, oko: ta ló fẹ́ bá ẹ̀rọ yan èyí tó tọ́? Mo ti rí ìwé ìdílé kan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé bàbá àgbà wọ ọkọ́ lọ sí Èkó.

"Bọ̀dá, mo ti fi Mint sí i, mo ti nu Windows dànù pátápátá. Wi-Fi ò yọ. Wọ́n ní kí n lọ gba dráífà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Íntánẹ́ẹ̀tì gan-an ni mi ò ní!" Ọmọ Ifẹ̀.

Àbúrò, ó dùn mí, mo sì rẹ́rìn-ín. Fi okùn USB so fóònù rẹ mọ́ ọn, tan USB tethering, tó ń pín dátà fóònù fún kọ̀ǹpútà, lórí fóònù. Íntánẹ́ẹ̀tì á wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan, Linux kì í béèrè dráífà, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ẹ̀yà ara rẹ̀ lò, fún ìyẹn. Ṣí Driver Manager, jẹ́ kó wá èyí tó bá Wi-Fi rẹ mu, gbà á, kó o tún ẹ̀rọ tàn. Ọjọ́ mìíràn tó o bá fẹ́ nu nǹkan dànù, kọ́kọ́ fi fláàṣì dán an wò ná. Tó bá sì jẹ́ tẹ́míná lo gbà, páásíwọ́ọ̀dù tó ò ń tẹ̀ kò ní hàn lójú: ìràwọ̀ (*) ni Mint máa ń fi rọ́pò rẹ̀, àwọn Linux mìíràn kan kì í tilẹ̀ fi àmì kankan hàn. Tẹ̀ ẹ́ tán, kó o tẹ Enter. Ẹnì kan ti gbé kíbọ́ọ̀dù wá sí Dùgbẹ̀ kí n tún un ṣe nítorí ìyẹn.