Kí o tó tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó dáhùn. O ní wẹ́dà ni ọ́, Amẹ́ríkà ni o ń gbé, o wá sílé sí Ilé-Ifẹ̀ láti sin bàbá yín. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. O ní bí o bá padà, iṣẹ́ outage ló kàn, ìyẹn iṣẹ́ àtúnṣe ìgbà tí wọ́n bá pa ríákítọ̀ núkílíà, ẹ̀rọ tó ń mú ooru tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná jáde, àti pé ìyá yín ní Mòòrè ti gbọ́, wọ́n sì ti fárígá. Wọ́n ní ìtànṣán ibẹ̀ á ba nǹkan ọkùnrin rẹ jẹ́, o ò ní bímọ mọ́. O wá béèrè bóyá òótọ́ ni, àti ohun tó yẹ kí o dì mú bí o bá débẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, Ìsọ̀kùn ní Iléṣà ni mo ń gbé báyìí. Ọdún 19 ni mo fi ṣe fítà nínú iṣẹ́ yẹn. Mo ń tẹ̀lé àwọn agbaṣẹ́ṣe kiri láti ilé iná kan sí òmíràn, ní ìgbà tí ewé ń rú àti ìgbà tí ewé ń wọ́, torí àkókò méjèèjì yẹn ni àwọn aráàlú kì í fi bẹ́ẹ̀ fa iná, tí wọ́n sì lè ráyè pa ríákítọ̀.

Ti ìyá yín kọ́kọ́ ná, torí kò gùn. Kì í ṣe òótọ́. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí òṣìṣẹ́ gba ju 50 millisievert lọ lọ́dún kan (òun ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara), ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ sì ti gé tiwọn kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ìtànṣán tó lè dín àtọ̀ ọkùnrin kù fún ìgbà díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 150 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi nǹkan ọkùnrin rẹ̀ gan-an. Kó tó di pé kò ní bímọ mọ́ láéláé, ó ti ju 3,000 lọ. Àwọn àbíkẹ́yìn mi méjèèjì, ẹ̀yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni ìyàwó mi bí wọn. Wọ́n á fún ọ ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wàá fi há àyà, dosimeter lorúkọ rẹ̀. Ó ń ka iye tí ara rẹ gbà, bó bá sì dé iye tí wọ́n kọ sínú pámíìtì rẹ, á ké. Bó bá ké, jáde. Má sọ pé kí n kàn parí èyí tó kù. Bí o bá ń dúró de ẹlòmíràn, má fara ti páìpù kankan, béèrè ibi tí ìtànṣán ti kéré, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ògiri. Sọ fún ìyá yín pé àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣọ́ ọ nítorí ìtànṣán.

Èyí tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ fún ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Àpá kan wà ní apá òsì mi, láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ń dán bí awọ ìlù. Àwọn èèyàn ní Iléṣà rò pé ìtànṣán ló ṣe é. Omi gbígbóná ni, omi lásán tí kò ní ìtànṣán kankan nínú. Outage mi kejì ni, kò tíì pé ọjọ́ méjì tí wọ́n pa ríákítọ̀, nǹkan bí aago méjì òru. Gbọ̀ngàn tọ́báìnì, ẹ̀rọ tí oruku omi ń yí, la wà, ariwo pọ̀, mo ti di etí bí òfin ṣe wí. Fóómàn pè mí lórí rédíò, ó ní kí n lọ tú fíláǹjì, ìyẹn ojú ibi tí wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì so páìpù méjì pọ̀, tó wà lẹ́bàá fáàfù D. B ni mo gbọ́. Mo ní “okay”. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ kan.

Mo dé ìdí B. Mi ò rí káàdì pupa kankan lára rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń fi kọ́ ibi tí wọ́n bá ti pa fún iṣẹ́. Ibí yìí ló ń dùn mí títí dòní, torí ojú mi rí i pé káàdì kò sí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti pẹ́, àwọn tó máa gba ibẹ̀ lẹ́yìn wa ti dúró, mo bá sọ lọ́kàn mi pé bóyá àwọn oníṣẹ́ ọ̀sán ló gbàgbé láti fi kọ́ ọ. Mo fi sípánà sí nọ́ọ̀tì tó kọjú sí mi. Mo yí i díẹ̀, kò tó ìdá mẹ́rin òbírí. Ohùn tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí èèyàn ju àkàrà sínú epo tó ti hó. Kí n tó mọ̀ pé mo gbọ́ nǹkan, apá aṣọ mi ti lẹ̀ mọ́ mi lára.

D ni wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ, D ni káàdì wà lára rẹ̀. B ṣì kún.

Àwa tí à ń sọ Yorùbá, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ wa pé ohùn kékeré lè yí ọ̀rọ̀ padà. Ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí a má pe D ní D. Delta ni, B sì ni Bravo. Bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ fún ọ, ìwọ náà á sọ ọ́ padà fún wọn bí o ṣe gbọ́ ọ, ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ á wá ní “bẹ́ẹ̀ ni”. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ̀rọ̀ náà máa lọ tó máa bọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó máa jọ eré ọmọdé létí rẹ. Síbẹ̀, sọ ọ́. Bí o bá sì dé ìdí fáàfù, fi ìka kan nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, fi ìka kejì kan èyí tó wà nínú ìwé, kà wọ́n síta ní lẹ́tà-lẹ́tà.

Káàdì pupa wá ńkọ́? Jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí ilé wa ṣàlàyé. Níbi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́, ọmọ kan ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ láti yọ ohun tó há sí i. Ó ti pariwo pé “ẹ má tan án o!” Ẹni tó gbọ́ ọ jáde lọ ra epo. Ẹni tí kò gbọ́ wọlé, ó sì na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ. Ọlọ́run ló ní kí n wà níbẹ̀, mo di í lọ́wọ́ mú. Lọ́jọ́ kejì mo ra àgádágodo fún wọn: ẹni tó bá máa ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ á fi ti ibi ìtanná pa, kọ́kọ́rọ́ á sì wà nínú àpò tirẹ̀. Ohun tí káàdì pupa ń ṣe nìyẹn. Ó ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí o pariwo. Kí o tó ṣiṣẹ́, lọ fi ojú ara rẹ rí i, kí orúkọ rẹ sì wọ ìwé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, torí wọn ò gbọdọ̀ tú u títí gbogbo orúkọ yóò fi jáde. Má ṣe bá ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí i.

Àwọn bàbá wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ta aṣọ láwìn kiri. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sí iwájú onígbèsè, wọn ò ní dìde títí owó á fi jáde. Òṣómàáló ni wọ́n ń pè wọ́n, wọn ò sì tijú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí o lóṣòó ti fóómàn rẹ. Bó ti wù kó máa kánjú tó, kó mú ọ dé ibi káàdì kí o tó gbé sípánà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé omi gbígbóná kì í ṣe nǹkan bàbàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ núkílíà. Ní 9 Oṣù Kẹjọ 2004, ní ilé iná núkílíà Mihama ní Japan, àwọn òṣìṣẹ́ ń palẹ̀ mọ́ fún outage nígbà tí páìpù kan bẹ́ lórí wọn. Omi rẹ̀ kò ní ìtànṣán. Èèyàn márùn-ún ló pa, ó bó àwọn mẹ́fà míì. Páìpù yẹn nípọn tó mílímítà 10 nígbà tó wà ní tuntun. Ibi tó ti bẹ́, ó ti jẹ kù sí 1.4. Látìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé iná náà ní 1976, kò sẹ́ni tó yẹ ibẹ̀ wò, torí ibẹ̀ kò sí nínú ìwé àwọn ibi tó yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ wò.

Ìgbà tí ẹ bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ni kí o ṣọ́ra jù. Wákàtí méjìlá-méjìlá lẹ máa ṣe. Ẹni tó ń lọ ti rẹ̀, ilé ló ń rò. Ẹni tó ń bọ̀, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Má gba iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Sọ fún un pé, “ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ dé ìdí ẹ̀.” Kó fi ọwọ́ hàn ọ́: èyí ti tú, èyí kò tíì tú, èyí la dí fún ìgbà díẹ̀. Lórí Piper Alpha, ibi tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun Scotland ní 6 Oṣù Keje 1988, àwọn oníṣẹ́ ọ̀sán yọ fáàfù ààbò páńpù kan kúrò, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bo ojú páìpù. Ọ̀rọ̀ náà kò dé etí àwọn oníṣẹ́ alẹ́. Wọ́n tan páńpù náà, gáàsì tú jáde, ó sì gbiná. Èèyàn 167 ló kú.

Má sì rò pé ríákítọ̀ tí wọ́n pa ti kú. Iná ààrò lè kú kí ẹ̀yinná ṣì wà lábẹ́ eérú. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á, ooru tó ń mú jáde ṣì tó nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó ń mú jáde nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kan ó ti sún mọ́ ìdajì ìdá kan, ìyẹn nìkan sì tó láti hó omi tó pọ̀ gan-an. Torí náà àwọn páńpù kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró nígbà tí ẹ̀yin ń tú gbogbo nǹkan yòókù. Wọ́n máa ń fi okùn yí wọn ká. Má ta okùn náà kọjá, má fi àpò irinṣẹ́ rẹ lé e, má gba ibẹ̀ gé ọ̀nà kúrú.

Bí wọ́n bá fẹ́ gbé nǹkan ńlá, lọ jìnnà réré. Ní Arkansas Nuclear One, ilé iná núkílíà kan ní Amẹ́ríkà, ní 31 Oṣù Kẹta 2013, kirénì tí wọ́n tò fún ìgbà díẹ̀ wó pẹ̀lú irin jẹnẹrétọ̀ tó lé ní 500 tọ́ọ̀nù. Wọn ò tíì fi ẹrù dán kirénì náà wò. Ẹnì kan kú, mẹ́jọ farapa.

Wọ́n á ní kí o fi okùn so irinṣẹ́ àti awò ojú rẹ, wọ́n á ka ohun tí o mú wọlé, wọ́n á sì tún un kà nígbà tí o bá ń jáde. Nọ́ọ̀sì tó bá ti wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ ní Wesley Guild lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ọ jù mí lọ. Òrùka rẹ, bọ́ ọ sílé.

Lórí oorun, òfin wà fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tó kan ààbò ríákítọ̀: kò gbọdọ̀ ju wákàtí 16 lọ nínú 24, kò gbọdọ̀ ju 72 lọ láàárín ọjọ́ méje. Owó á máa pè ọ́ láti lọ wá iṣẹ́ mìíràn kún un. Mo ti sùn lọ lórí ìdarí ọkọ̀ rí lẹ́yìn òru kẹfà. Pápá àgbàdo kan ló gbà mí, bó bá jẹ́ afárá ni, mi ò ní máa kọ̀wé sí ọ báyìí.

Ó ku nọ́ọ̀tì. Bó ti wù kí káàdì wà níbẹ̀ tó, má kọ́kọ́ tú èyí tó kọjú sí ọ. Èyí tó wà lódìkejì ni kí o kọ́kọ́ dẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ojú rẹ má sì wà níwájú rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù nínú páìpù, ibòmíràn ló máa tú sí. Ẹni tó kọ́ mi ní fítà ní Iléṣà ti sọ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún. Ìkánjú ló mú kí n gbàgbé rẹ̀ ní òru ọjọ́ yẹn.

O ní títí ìparí oṣù ni o ṣì máa wà ní Ifẹ̀. Wọ ọkọ̀ wá sí Ìsọ̀kùn ní Sátidé. Fíláǹjì àtijọ́ kan wà lẹ́yìnkùlé mi, nọ́ọ̀tì mẹ́jọ ló ní, ó ti dípẹtà dáadáa. Mú ìyá yín dání bí wọ́n bá fẹ́ wá, kí wọ́n wo apá mi fúnra wọn kí wọ́n sì bi mí ní ohun tó bá wà lọ́kàn wọn, kí èmi àtìwọ tó jọ tú u, láti ẹ̀yìn wá síwájú.