Òògùn tó ń ṣí imú tẹ́lẹ̀, tó wá ń dí i

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, dókítà. Ẹni ọdún 43 ni mí, iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́. Láti ìgbà ọyẹ́ ọdún tó kọjá ni imú mi ti ń dí. Kẹ́míìsì fún mi ní òògùn tí wọ́n ń kán símú, xylometazoline ni wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó. Ní báyìí, tí n kò bá kán an ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, ẹnu ni mo fi ń mí, oorun kì í sì í kùn mí mọ́. Ṣé kí n wá èyí tó le jù ú lọ?

Ìdáhùn: Rárá o, ọ̀gá, ẹ má wá èyí tó le jù ú lọ. Òògùn yẹn gan-an ló ń fa púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣe yín báyìí.

Nínú ihò imú kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi pẹpẹ mẹ́ta ló yọ jáde lára ògiri ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan lórí èkejì. Eegun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà nínú wọn, ẹran tó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bò ó. Ti ìsàlẹ̀ ló tóbi jù. Iṣẹ́ wọn ni láti mú atẹ́gùn lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n sì fi ọ̀rinrin sí i kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kún inú wọn, wọ́n á wú, imú á dí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fà, wọ́n á sún kì, imú á ṣí. Lára ẹni tí kò ṣàìsàn pàápàá, láàárín wákàtí mélòó kan, ihò kan á wú díẹ̀, èkejì á là, wọ́n á sì tún pààrọ̀. Nítorí náà, bí tòsì bá dí láàárọ̀, tí tọ̀tún dí lọ́sàn-án, ìyẹn nìkan kì í ṣe àrùn. Ihò kan ṣoṣo tó dí tí kì í yí padà ni kí ẹ fura sí.

Xylometazoline máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyí pọ̀, ìdí nìyẹn tí imú fi ń là láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tí agbára rẹ̀ bá tán, ẹ̀jẹ̀ á ya padà, ẹran náà á wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí ní Sweden fún àwọn tí imú wọn dá ṣáṣá ní oxymetazoline, tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, fún bí oṣù kan. Imú tí kò dí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ọjọ́ márùn-ún ni kéèyàn má kọjá lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín pẹ̀lú, nítorí òògùn yìí lè mú un gòkè.

Bí ẹ ó ṣe já a sílẹ̀ rèé. Ẹ mú ihò tó sàn díẹ̀, kí ẹ dá kíkán òògùn síbẹ̀ dúró pátápátá lónìí. Ẹ ṣì lè máa kán sí èkejì. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ bẹ̀rẹ̀ òògùn fífọ́n símú tó ń dín wíwú kù, tí wọ́n ń pè ní fluticasone, ẹ̀ẹ̀mejì nínú ihò kọ̀ọ̀kan, láràárọ̀. Ẹ tẹ orí ba díẹ̀. Ọwọ́ òsì ni kí ẹ fi fọ́n sí ihò ọ̀tún, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fọ́n sí tòsì, kí ẹnu ìgò lè kọjú sí ìhà etí. Bí ó bá ń kan ògiri àárín lójoojúmọ́, ibẹ̀ á bó, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà. Ẹ má fà á símú kíkankíkan. Bí ẹ bá ti ń tọ́ ọ wò lọ́fun, ó ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí. Kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ihò àkọ́kọ́ bá ti ń mí dáadáa, ẹ wá dá ti èkejì dúró.

Òru mẹ́ta mẹ́rin àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, níbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré padà sídìí ìgò. Ẹ fi ìrọ̀rí méjì gbé orí sókè. Robb kì í ṣí imú rárá, ìtutù rẹ̀ ló ń jẹ́ kó dà bíi pé atẹ́gùn ń wọlé. Ẹ má fi sínú ihò imú.

Fífọ imú máa ń ṣèrànwọ́ gan-an. Ẹ se píọ̀ wọ́tà kan, 50cl, kó hó dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó tutù dé ìlọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ po iyọ̀ sí i, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣíbí tíì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sórí bèsìn, ẹ dorí kọ ẹ̀gbẹ́, ẹ la ẹnu, kí ẹ rọra da omi náà sí ihò tó wà lókè. Ti ìsàlẹ̀ ni yóò gbà jáde. Bí ó bá ń ta yín, ẹ tún iyọ̀ rẹ̀ wò, ó ti kéré jù tàbí kó ti pọ̀ jù. Ẹ ṣe é ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú òògùn fífọ́n, kó má baà fọ òògùn náà dànù. Omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ tí a kò sè kò gbọ́dọ̀ wọ imú: kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Naegleria fowleri, ó ń gba imú lọ sí ọpọlọ, ekukáká sì ni ẹni tó bá mú fi ń yè é.

Ó ku ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín, òun ló sì kó ìdààmú bá mi jù. Láti ọdún 1995 ni àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé ti fi eruku igi sí ara ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ inú imú. Kò túmọ̀ sí pé òun ló ń ṣe yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́ igi, tí ẹ ń fi yanrìn họ ọ́ lójoojúmọ́, ó yẹ kí dókítà etí, imú àti ọ̀fun fi kámẹ́rà tín-ín-rín wo inú imú yín, kódà bí imú náà bá là. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fọ́tò eegun ojú lásán tẹ́ yín lọ́rùn, kì í fi ohun púpọ̀ hàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde láti ihò kan ṣoṣo, bí etí kan bá dí, bí kókó bá yọ lọ́rùn, tàbí tí ojú bá wú, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ mú ìgò òògùn náà dání, kí ẹ sì sọ iye ìgò tí ẹ ti lò tán fún dókítà.