Kí ẹ tó sanwó kọ̀ǹpútà gémù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọmọ mi ọkùnrin ti ṣe WAEC tán, mo sì ti ṣèlérí kọ̀ǹpútà fún un. Gémù ló fẹ́ máa fi ṣe, bọ́ọ̀lù FC àti GTA V, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó rí i fi kàwé náà tó bá wọ yunifásítì. Owó ọwọ́ mi ò tó nǹkan. Ọmọkùnrin kan tó ń ta kọ̀ǹpútà fi ọ̀kan hàn mí, iná ń tàn yí i ká bí ilé ijó. Ó ní Core i7 ni, RAM rẹ̀ 16GB, pé ọmọ náà ò ní béèrè òmíràn mọ́. Ọmọ mi wá ní kí n béèrè irú "graphics card" tó wà nínú rẹ̀. Mi ò tilẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n san owó yìí? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ má tíì sanwó. Ìbéèrè ọmọ yín gan-an ló yẹ kí olùtajà náà kọ́kọ́ dáhùn.

Graphics card ni ẹ̀yà tó ń ya àwòrán gémù. Prósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, á ṣírò ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, káàdì á ya pápá, koríko àti èrò ìwòran, bí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí káàdì kò bá sí, tàbí tó bá ti darúgbó jù, gémù náà lè ṣí o, ṣùgbọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù á máa rìn bí ẹni tó wà nínú ẹrẹ̀. FC 24, fún àpẹẹrẹ, ní ó kéré tán káàdì GTX 1050 Ti tàbí RX 570 ni òun ń fẹ́, pẹ̀lú RAM 8GB, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, àti àyè ìpamọ́ 100GB.

Core i7 tó fi ń yangàn yẹn, orúkọ prósẹ́sọ̀ Intel ni, oyè lásán sì ni bí a kò bá mọ nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. i7-2600 jáde ní 2011. i3-12100 jáde ní 2022. Mẹ́rin-mẹ́rin ni core, ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣírò, inú wọn, síbẹ̀ i3 yẹn á já i7 yẹn jù sẹ́yìn pátápátá. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ìran tí prósẹ́sọ̀ ti wá: 2600, ìran kejì, 8500, ìran kẹjọ, 12100, ìran kejìlá. Ẹ ní kó tan ẹ̀rọ náà, kí ẹ fi ojú ara yín kà á. Tí kò bá tó ìran kẹjọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Láti October 14, 2025 ni Microsoft ti jáwọ́ lára Windows 10, ìran kẹjọ sì ni Windows 11 fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Intel, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀.

Àmọ́ ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò kì í ṣe káàdì, kì í ṣe prósẹ́sọ̀. Power pack ni, àpótí irin tí wáyà iná ń wọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ. Òun ló ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà yòókù, òun ni wọ́n sì máa ń fi ṣe rẹ́dẹrẹ̀dẹ jù, torí oníbàárà kì í wò ó. Wọ́n á kọ 500W sára èyí tó fúyẹ́ bí agolo mílíìkì òfìfo. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ tó tún mú un dé pẹ̀lú agbára, irú rẹ̀ kì í dá kú, á mú mọ́dàbọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́, dání.

Àwọn àtijọ́ kan tún wà tó ní bọ́tìnì pupa kékeré lẹ́yìn, 115 lápá kan, 230 lápá kejì. 230 ni iná tiwa, 115 ni ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mi ò yí i kí n tó ki wáyà bọ ògiri. Gbàù! Èéfín sọ. Ọ̀gá mi wò mí, kò sọ nǹkan kan. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi san án.

Ohun tí màá rà bó bá jẹ́ èmi nìyí. Ẹ wá kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tókúnbọ̀, irú Dell OptiPlex 7060 tàbí HP EliteDesk 800 G4, tó ní i5-8500, core mẹ́fà. Kò ní iná aláràbarà, ó dúdú bí àpótí bàtà, ṣùgbọ́n power pack ojúlówó ló bá a wá. Ẹ tẹnu mọ́ ọn pé tower ni ẹ fẹ́, èyí tó ga. Àwọn tó rí pẹlẹbẹ kì í gba káàdì tó ga tó bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ra káàdì GTX 1650 sí i. Wáàtì 75 ló ń jẹ, ojú ihò mọ́dàbọ́ọ̀dù ló sì ti ń mu ún. Àwọn kan wà tó ní ihò wáyà iná lórí. Ẹ má gba ìyẹn, torí power pack ọ́fíìsì kì í sábà ní wáyà rẹ̀. Wọ́n á fi káàdì RX 580 lọ̀ yín, wọ́n á ní ó lágbára jù ú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wáàtì 185 ló ń jẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti fi ọdún gbáko wa owó orí ayélujára bíi Ethereum tọ̀sán tòru kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ínfátà yín náà á kérora.

Bí owó ò bá gbé káàdì rárá, ẹ wá kọ̀ǹpútà tó ní Ryzen 5 5600G dípò i5 yẹn, prósẹ́sọ̀ AMD tó ní ẹ̀yà àwòrán tirẹ̀ nínú. GTA V á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹ bá rẹ àwòrán sílẹ̀ díẹ̀, ẹ sì lè fi káàdì kún un lọ́dún tó ń bọ̀. Nínú RAM ni ẹ̀yà àwòrán náà ti ń yá àyè, nítorí náà 8GB méjì ni kí ẹ rà fún un, kì í ṣe 16GB ẹyọ kan.

Fún ibi ìpamọ́, SSD 512GB ni kí ẹ wá, 256GB á kún kí ọmọ tó gbádùn rẹ̀. Ẹ má ra monitor. Tẹlifíṣọ̀n ilé tó bá ní ihò HDMI ti tó.

Ní ọjọ́ ìsanwó, ẹ mú ọmọ náà dání. Ẹ ní kí wọ́n ṣí GPU-Z, ètò kékeré tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú ẹ̀rọ, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn káàdì ògbólógbòó kan wà tí wọ́n ti yí orúkọ wọn padà sí GTX 1050 Ti. GPU-Z máa ń kọ FAKE síwájú orúkọ irú wọn. Kó fi gémù kan ṣeré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níbẹ̀, kí ẹ fetí sí fáànù. Tẹ́ ẹ bá délé, ara káàdì náà, nísàlẹ̀, ni kí ẹ ki wáyà HDMI bọ̀, ẹ má kì í bọ ti òkè tó wà lára mọ́dàbọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá kì í bọ ti òkè yẹn ló máa ń pè mí lálẹ́ pé káàdì òun ò ṣiṣẹ́.