Ẹ Bi Wá: Ṣé Oúnjẹ Ìyá Ló Ń Sọ Bóyá Akọ ni Tàbí Abo?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin mẹ́ta ni mo bí, wọn ò sì jẹ́ kí n gbádùn nílé ọkọ. Mo sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì ni pé ọ̀dọ̀ ọkùnrin ló ti ń wá, àmọ́ àbúrò bàbá ọkọ mi tó ń sin ewúrẹ́ ní irọ́ ni, wọ́n ní àwọn ti kíyè sí i pé ewúrẹ́ tó bá ń jẹun dáadáa, akọ ló máa ń bí jù, pé èmi ni mi ò jẹun kánú. Ṣé òótọ́ wà níbẹ̀ àbí wọ́n kàn ń wá ọ̀rọ̀ sọ sí mi lára? Ìyá Bọ̀sẹ̀, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá Bọ̀sẹ̀, ẹ kú ìfaradà. Ohun tí wọ́n kọ́ yín, bẹ́ẹ̀ náà ni: X àti Y ni wọ́n ń pe kromosóòmù, ìyẹn okùn àbùdá tó ń sọ bóyá akọ ni tàbí abo; X nìkan ló wà nínú ẹyin obìnrin, àtọ̀ ọkùnrin ló ń gbé X tàbí Y wá, tó bá jẹ́ Y ló wọlé, ọkùnrin nìyẹn. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ (ẹ má bínú sí mi o) bàbá elewúrẹ́ yẹn náà ò kàn máa sọ ìsọkúsọ, torí láti 1973 ni Robert Trivers àti Dan Willard l'Amẹ́ríkà ti gbé ohun tó jọ ọ́ jáde, àwọn onímọ̀ ẹranko sì ń jà lé e lórí títí dòní.

Ohun tí wọ́n rò ni pé láàárín ọ̀pọ̀ ẹranko, akọ tó bá taagun ló máa ń gba gbogbo abo mọ́wọ́, á bímọ rẹpẹtẹ, akọ tí ò lókun lè kú láìbí ẹyọ kan, nígbà tó jẹ́ pé abo, ì báà rù ì báà sanra, á ṣáà bí díẹ̀. Torí náà ìyá tó ń rí jẹ, tó lè tọ́ ọmọ di akọ gìrìwò, èrè ńlá ni akọ jẹ́ fún un, èyí tí ebi ń pa, abo ló sàn fún un. Ọmọ-ọmọ ni mò ń pè ní èrè o, kì í ṣe owó.

Erékùṣù kan wà ní Scotland tó ń jẹ́ Rum, àgbọ̀nrín pọ̀ níbẹ̀, abo wọn sì ń jọ̀gá lé ara wọn lórí nídìí koríko. Lọ́dún 1984 Tim Clutton-Brock àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kéde pé àwọn ọ̀gá yẹn ló ń bí akọ jù, àwọn tí wọ́n ń tì sẹ́yìn ló ń bí abo jù. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ẹ dúró ná. Nígbà tó fi máa di 1999, Loeske Kruuk àtàwọn yòókù fi hàn pé bí àgbọ̀nrín ṣe ń pọ̀ sí i tí oúnjẹ ò kárí mọ́, nǹkan yẹn pòórá, ó jọ pé oyún akọ ni ìyà tètè máa ń bàjẹ́, kódà lára àwọn ọ̀gá. Ti ọ̀bọ tiẹ̀ tún burú jù, ibì kan wọ́n á ní ọ̀gá ń bí akọ, ibòmíì wọ́n á ní abo ló ń bí, nígbà tí wọ́n wá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ lọ́dún 2002, òfo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti coypu, ẹranko kan tó jọ ọ̀yà tó máa ń gbé létí omi, tó ti ya wọ igbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan. Lọ́dún 1986 Morris Gosling kọ ọ́ pé abo tó sanra dáadáa, tó bá jẹ́ pé ọmọ díẹ̀ ló wà nínú ẹ̀ tó sì jẹ́ abo ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó lè ṣẹ́ gbogbo oyún náà dànù kó tún lóyún míì, àmọ́ tí àwọn díẹ̀ yẹn bá jẹ́ akọ, á dá wọn sí, wọ́n á sì tóbi nínú ikùn torí oúnjẹ pọ̀ fún wọn. Ẹ ò rí i pé lẹ́yìn tí àtọ̀ ti ṣe tiẹ̀ tán, ara ìyá ṣì ń ṣe tiẹ̀ lọ.

Kí ló wá ń fa gbogbo èyí? Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fura sí jù. Lọ́dún 2008 Elissa Cameron àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fún èkúté ní oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ lásìkò tí wọ́n ń gùn, akọ dín kù nínú ọmọ wọn.

Ọdún 2008 yẹn náà ni wọ́n bi obìnrin 740 ní Bìrìtìkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún àkọ́kọ́ nípa ohun tí wọ́n ń jẹ kí oyún tó dúró. Nínú àwọn tó ń jẹun jù, 56 nínú 100 ló bí ọkùnrin, nínú àwọn tó ń jẹun kéré jù, 45 ni, wọ́n tiẹ̀ ní síríà àárọ̀ (irú cornflakes) wà lára ẹ̀. Gbogbo ìwé ìròyìn gbé e. Nígbà tó di ọdún kejì, àwọn oníṣirò ní oúnjẹ tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní ọgọ́rùn-ún oríṣi, ó dájú pé ọ̀kan á kàn ṣèèṣì bọ́ sí i. Èmi náà fara mọ́ tàwọn oníṣirò, ẹ má tìtorí ọmọkùnrin máa ra síríà jàre.

Ní ti bàbá elewúrẹ́, ẹ ní kí wọ́n ra ìwé ẹ́sásáìsì kan kí wọ́n máa kọ gbogbo ọmọ ewúrẹ́ sílẹ̀, àti èyí tó kú, àti bóyá ìyá ẹ̀ sanra, torí òbúkọ ńlá tó mówó gidi wọlé lèèyàn máa ń rántí.

Àmọ́ ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni ti 56 àti 45 yẹn, kò lè ṣàlàyé ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ìdílé mẹ́jọ tó bí mẹ́ta mẹ́ta, ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì obìnrin láìsí pé ẹnikẹ́ni jẹun tàbí kò jẹun. Tí ẹ bá sì tún lóyún ìkẹrin, àwọn mẹ́ta tó ṣáájú ò yí i padà, bíi ìdajì sí ìdajì náà ló ṣì jẹ́, ti ọkùnrin fi díẹ̀ lé, torí kárí ayé nǹkan bí ọmọkùnrin 105 ni wọ́n ń bí sí ọmọbìnrin 100.