Èsì: Mo rí òpó àmì, n kò rí ọ̀nà àwọn aṣíkiri

Ẹ kú ìrìn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò ṣìnà. Ojú ọ̀nà California Trail gan-an (ọ̀nà tí àwọn aṣíkiri ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbà lọ sí California láyé àtijọ́), tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni wọ́n máa ń ri òpó irin bíi lẹ́tà T tí ẹ rí nítòsí Donner Pass (ibi tí ọ̀nà ti la òkè kọjá ní California) yẹn mọ́. Irin rélùwéè ni wọ́n jó pọ̀ ṣe é.

1. Ẹ ka àkọlé orí rẹ̀ tán. Ó sábà máa ń ní ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó gba ibẹ̀ kọjá.

2. Ilẹ̀ ni kí ẹ wò, ẹ má wá títì. Lórí àpáta, ẹ wá ibi tó ti dán, tàbí ìlà pupa bí irin tó dógùn-ún: irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù ló fi í sílẹ̀. Nínú igbó, kòtò gbọọrọ tí kò jìn ni.

Òpó T ti ẹgbẹ́ Trails West, àwọn tó ń sàmì sí ọ̀nà àwọn aṣíkiri, nìkan ni mò ń sọ o. Àmì ìpínlẹ̀ California tó ní nọ́ńbà lè wà níbi tí mọ́tò ti ráyè dúró, kí ọ̀nà gan-an sì jìnnà síbẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí yìnyín yọ́ tán kí ẹ tó padà lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé Beckwourth Pass náà, ọ̀nà mìíràn tó la òkè kọjá lápá àríwá. James Beckwourth, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sínú ẹrú, ló la ọ̀nà yẹn, tó sì kó àwọn aṣíkiri gbà á lọ sí ìlú Marysville ní 1851. Ẹsẹ̀ bàtà 5,221 ni gíga rẹ̀, Donner lé ní 7,000. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ orúkọ ọkùnrin yìí.

Ohun yòówù tí ẹ bá rí nílẹ̀, ìbáà ṣe ìṣó kan, ẹ fi í síbẹ̀.